Bí Ọgbà Bá Tì, Kí Ilé Ìkàwé Má Bá A Tì

Àṣẹ ìtìpa kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè àtimí ní àwọn yunifásítì wa. Láàárọ̀, wọ́n á máa du àga nínú ilé ìkàwé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìwé á ti jáde láti ọ́fíìsì gíwá pé kí gbogbo wọn palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń mẹ́nu ba kọ́kọ́rọ́ yàrá, ẹnu géètì àti àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yá lọ́wọ́ ńkọ́? Èyí tó ṣì fẹ́ yá ńkọ́? Níbo ni yóò ti máa kàwé títí wọn yóò fi pè é padà? Ó ṣọ̀wọ́n kí àṣẹ náà dáhùn ọ̀kan nínú wọn. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé kò yẹ kí ilé ìkàwé máa bá géètì tì, àti pé ìgbà tí ohun gbogbo ṣì ń lọ déédéé ni yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣètò bí kò ṣe ní í tì.

Kò sí aláṣẹ tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí bá òun lójijì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ológun fi kún dá ìwọ́de “Ali Must Go” sílẹ̀, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ yunifásítì pa. Ní ọdún 1989, ìfẹ̀hónúhàn lórí ètò ọrọ̀ ajé SAP tún lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì oníkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún ń parí lọ ni NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ní kí gbogbo yunifásítì ti ìlẹ̀kùn láti ọjọ́ 23 oṣù náà nítorí àrùn Kòrónà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ASUU kéde pé ìyanṣẹ́lódì àwọn ti di aláìlọ́jọ́. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀: láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ohun tó ń padà wá léraléra báyìí yẹ kó ti ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìṣètò yunifásítì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìtìpa ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kó wo ohun tó wà lórí pẹpẹ ìwé. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1948 tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, òfin ọdún 1950 sì sọ ọ́ di ọ̀kan lára ibi tí àwọn tó ń tẹ ìwé gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà nínú irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rí rà lọ́jà, wọn kì í sì í jẹ́ kó jáde kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó rí wọn níbòmíràn. Ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn tàbí òfin ní ìṣòro tirẹ̀: ìwé kan ṣoṣo lè gba owó oṣù òbí rẹ̀ tán, èyí ló sì ń mú kó máa jókòó ti ẹ̀dà tó wà nílé ìkàwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá ní tirẹ̀ nílò pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀, àwọn èyí tí wọ́n dì ní páálí tí wọ́n tò sínú yàrá kan. Lọ́jọ́ tí géètì bá tì, iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lójú kan náà.

Àwọn kan á ní, ṣebí gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣí fún gbogbo èèyàn. Yunifásítì a máa san owó gọbọi fún àkójọ jọ́nà àti ìwé orí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á fi ń dá oníbàárà wọn mọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá délé ní Ṣakí tàbí Ìkárẹ́, tó ṣí ìkànnì kan náà lórí fóònù rẹ̀, wọ́n á ní kó sanwó. Ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́: kí ilé ìkàwé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ ìwọlé àti páásíwọ́ọ̀dù tí yóò mú un gba orí kọ̀ǹpútà yunifásítì kọjá, kí àwọn oníjọ́nà lè rí i bí ẹni tó wà nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà tí géètì tì ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé irú páásíwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ wà, tó sì jẹ́ pé orí tábìlì ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń gbà á, ta ni yóò fún un?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 lè là wá lóye. Nígbà tí Kòrónà ti ilé ìkàwé àwọn yunifásítì ibẹ̀ pa, àjọ HathiTrust ṣí ìlẹ̀kùn pàjáwìrì fún àwọn ilé ìkàwé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Àdéhùn rẹ̀ rọrùn: iye ẹ̀dà ìwé tí ilé ìkàwé kan ní lórí pẹpẹ tirẹ̀ ni iye èèyàn tó lè máa ka ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe tètè ṣe é lè jọni lójú, àmọ́ iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Láti ọdún 2008 ni HathiTrust ti ń kó ìwé tí wọ́n ya sórí kọ̀ǹpútà jọ, ìwé tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àrùn dé ti lé ní mílíọ̀nù 17. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àjọ tí kò bá ya ojú ewé kan rí kò ní ohun tí yóò ṣí lọ́jọ́ ìpọ́njú.

Amẹ́ríkà náà ló tún fi hàn wá pé ìkánjú ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún yẹn, Internet Archive ní kí ẹnikẹ́ni wá yá ìwé tó lé ní mílíọ̀nù kan láì tò sórí ìlà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé mẹ́rin pè é lẹ́jọ́ ní oṣù kẹfà, Internet Archive ti ètò náà pa ní oṣù náà, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn onítẹ̀wé láre ní oṣù kẹta ọdún 2023. Oṣù yẹn kan náà ni ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2022. Òfin náà ní abala tó yọ̀ǹda àwọn nǹkan kan fún ilé ìkàwé. Kí agbẹjọ́rò yunifásítì kọ̀ọ̀kan jókòó ti abala yìí nísinsìnyí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní gbólóhùn tó yé èèyàn: ìwé wo ni a lè yà, ojú ewé mélòó, fún ta ni.

Ìdènà tó tóbi jù nílẹ̀ wa ni ìyanṣẹ́lódì fúnra rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé tó gboyè nínú iṣẹ́ náà wà lára òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì wà nínú ASUU. Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ SSANU àti NASU. Ẹgbẹ́ èyí ó wù kó yanṣẹ́ lódì nínú wọn, ó kan ilé ìkàwé. A kò ní kí òṣìṣẹ́ kankan da ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bá ìjọba jà fún ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún. Ìdí nìyí gan-an tí a fi ń tẹnu mọ́ ìmúra ṣáájú. Páásíwọ́ọ̀dù tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbà láti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò jókòó sí tábìlì. Ọjọ́ ìdápadà ìwé tí kọ̀ǹpútà sún síwájú fúnra rẹ̀ kò da ìyanṣẹ́lódì ẹnikẹ́ni rú. Pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti yà sórí ìkànnì yunifásítì kò ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí ṣáájú ni pé wọn kò ní pa kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò wọ̀nyí dúró.

Àwọn ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí àṣẹ ìtìpa fi ó kéré tán ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ìwé yíyá, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ìwé tí kì í jáde tẹ́lẹ̀ jáde ní ọjọ́ náà, àyàfi èyí tó ṣọ̀wọ́n tàbí tó ti gbó. Kí owó ìtanràn dúró títí ọgbà yóò fi ṣí. Kí nọ́ńbà fóònù àti WhatsApp kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi béèrè ìwé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwé tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sì má wúwo ju ohun tí dátà òtòṣì lè gbé. Kí ilé ìkàwé to orúkọ àwọn ibi ọ̀fẹ́ jọ: ìwé ẹ̀kọ́ yunifásítì NOUN wà lórí ìkànnì fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ wa wà lórí African Journals Online. Kí àwọn yunifásítì sì gbà láàárín ara wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú káàdì rẹ̀ wá lè jókòó kàwé ní ilé ìkàwé tó sún mọ́ ilé òbí rẹ̀ jù. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà àti ilé ìkàwé àwọn ìpínlẹ̀ kì í tì nítorí ìyanṣẹ́lódì yunifásítì. Kí àwọn yunifásítì bá àwọn náà ṣe irú àdéhùn yìí.

Àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé lè ní ìwé yóò sọnù. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, nítorí àwọn tó ń ya ojú ewé kúrò nínú ìwé kò tíì tán láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láì jẹ́ pé ilé ìkàwé ti fọwọ́ sí kílíárànsì rẹ̀. Okùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ní ti owó, ìdàgbàsókè ilé ìkàwé wà lára ohun tí TETFund, àjọ tó ń fi owó ìjọba ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń náwó sí. Kí díẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò lórí àga àti ilé, kó bọ́ sórí ẹ̀rọ ìyàwòrán ìwé, kọ̀ǹpútà àti iná sólà tí yóò gbé e dúró nígbà tí iná ìjọba bá lọ.

NUC ló lè mú kí gbogbo èyí di dandan. Bí àwọn aṣojú rẹ̀ bá lọ yẹ ẹ̀kọ́ wò, wọ́n máa ń yẹ ilé ìkàwé wò pẹ̀lú. Kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un: kí ni ilé ìkàwé yìí yóò ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí ọgbà bá tì lọ́la? Yunifásítì tí kò bá ní ìdáhùn tó wà lákọsílẹ̀, kí máàkì rẹ̀ dín kù. Kí gíwá, olórí ilé ìkàwé, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jọ fọwọ́ sí ìdáhùn náà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀ ní ọjọ́ tó bá wá gba káàdì ilé ìkàwé.