Orí Ni Kí Á Kọ́kọ́ Tọ́jú: Orógbó, Àgbo àti Àrùn Rọpárọsẹ̀

  

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbé bàbá kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú wá sí ilé mi ní Bàrígà. Ẹnu rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é gbé. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ìpara ni wọ́n fi ń pa á lápá àti lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń rọ àgbo sí i lẹ́nu. N kò tilẹ̀ mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde kí n tó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó yè, ṣùgbọ́n apá náà kò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ni mò ń wádìí ní ìdí iṣẹ́ mi, mo sì gbà pé orúkọ àrùn yìí wà lára ohun tó ṣì wá lọ́nà. Ohun tó rọ apá, tó rọ ẹsẹ̀ ni a pè é. Orúkọ náà sọ ibi tí àrùn ti hàn. Kò sọ ibi tó wà. Inú ọpọlọ ni ó wà. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè dí iṣan ibẹ̀, iṣan náà sì lè bẹ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́yìn èyí ni ogun kejì: àwọn ọmọ ogun ara yóò rọ́ lọ síbẹ̀, ọpọlọ yóò wú, ìjà wọn yóò sì máa ba ibi tí kò tíì kú jẹ́. Ọjọ́ púpọ̀ ni èyí fi ń lọ.

Ogun kejì yìí ni àwọn onímọ̀ ń wá ewé àti èso fún. Nínú orógbó wa ni kolaviron ti ń wá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2015, òun àti Akinmoladun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ó má dé ọpọlọ eku, wọ́n tún tú u sílẹ̀, kolaviron sì dín ìpalára náà kù. Ilẹ̀ Ṣáínà ti lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Butylphthalide, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú irúgbìn sẹ́lẹ́rì, ti gba àṣẹ ìjọba wọn láti 2002. Ní 2023, wọ́n tẹ ìdánwò rẹ̀ lára aláìsàn 1,216 jáde.

Eku kì í ṣe ènìyàn. Orógbó tí à ń fi bọ Ṣàngó kò tíì di oògùn rọpárọsẹ̀. Ẹni tó bá ń fi gbohùngbohùn kéde ládùúgbò wa pé àgbo òun ń wò ó ní ọjọ́ mẹ́ta, orúkọ Ọ̀sanyìn ló ń bà jẹ́. Àwọn kan yóò ní mo ti ta ìṣẹ̀ṣe fún òyìnbó. Rárá o. Kí babaláwo tó fúnni ní ewé, ó ní láti bèèrè. Ìdánwò lára aláìsàn, ìbéèrè náà ni, tí a bi lára ẹgbẹ̀rún ènìyàn dípò ẹnì kan.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ wá. Èkíní, bí ẹnu bá yí, bí apá bá kọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ, a sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ kí a tó lò ó, nítorí ó lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu. Ọ̀fun tó ti rọ lè darí rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Èkejì, kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. Ìwádìí SIREN, tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 2,118 ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, fi hàn pé òun ni olórí ohun tó ń fà á, àti pé ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa wà nínú ewu jù.

Ẹ̀kẹta, Yunifásítì Èkó kò jìnnà sí wa, Akọka ni. Kí àwọn àgbà oníṣègùn Ṣómólú àti Bàrígà bá wọn jókòó, kí ìmọ̀ wọn ní àkọsílẹ̀, kí orúkọ wọn sì wà níbẹ̀.

A máa ń bọ orí kí a tó bọ òrìṣà kankan. Nínú àrùn yìí náà, ẹ jẹ́ kí á fi apá àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ ná, kí á kọ́kọ́ sáré tọ́jú orí.