Ọmọ Ibo Ni Olùkọ́?

Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ń pe Ilé-Ifẹ̀ ní orírun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Ifẹ̀ ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn nínú àwọn ìlú tí yóò bi olùkọ́ léèrè pé, "Ọmọ ibo ni ọ́?" Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí a yan ọ̀gá àgbà tuntun fún Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn kan jáde, wọ́n sì dí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé a kò yan ọmọ Ifẹ̀.

A kò wí pé kí ọmọ Ifẹ̀ má ṣe jẹ ọ̀gá lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ohun tí a wí ni pé ìmọ̀ àti ìwà ni kí á fi wọn olùkọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni Hezekiah Olúwasanmí, ẹni tí ó wà ní ipò ọ̀gá àgbà nígbà tí Yunifásítì náà ti Ìbàdàn kó wá sí Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Abẹ́òkúta ni a bí Wọlé Ṣóyínká sí. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀ kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Ǹjẹ́ Ifẹ̀ ha pàdánù nípa wọn bí?

Bí ariwo bá lè ta báyìí lórí ọ̀gá àgbà, kí ni yóò ṣe ti tíṣà kékeré tí a rọra gbé ìwé rẹ̀ sí apá kan? Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ó gba ilé-ẹjọ́ lọ." Lóòótọ́, apá 42 nínú Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kọ ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, ìlú ẹni, ẹ̀sìn, tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Apá náà fi àyè sílẹ̀ fún òfin tí ó bá fi gbèdéke sí yíyan ènìyàn sí ipò ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin tí a kọ sílẹ̀ ni ó wí, kì í ṣe wúyẹ́wúyẹ́ inú yàrá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Àwọn olùkọ́ 49 tí Yunifásítì Ìlọrin yọ níṣẹ́ ní ọdún 2001 jàre ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 2009. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìyọniníṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ni ẹni tí a kò gbà rárá yóò fi han adájọ́?

Nítorí náà ni a ṣe ń ké sí gbogbo ìgbìmọ̀ tí ń gba olùkọ́: ẹ kéde àyè iṣẹ́ ní gbangba, ẹ kọ máàkì olúkúlùkù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò gbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bẹ̀rù àkọsílẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì kò béèrè ìlú tíṣà. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìwé.