Ààrẹ Mẹ́rin Tí Wọ́n Lọ Làjà

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń da agbo ilé wa rú. Bí rédíò bá ti dárúkọ Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, kíá ni ilé á pín sí méjì. Ẹni tó ń lọ sí Mísà á ní ti Ísírẹ́lì ni òun ń ṣe, nítorí orúkọ wọn wà nínú Ìwé Mímọ́. Àbúrò rẹ̀ tó ń lọ sí mọ́sáláṣí á ní ti Lárúbáwá ni òun ń ṣe ní tòun. Bàbá kan náà ló bí wọn, inú àwo kan náà ni wọ́n ti jẹun dàgbà. Ilé mélòó ló wà níhìn-ín tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ kò jọ gbé? Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ìgbà kan tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn gbéra, tí wọ́n lọ dá sí ìjà yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, ogun ọjọ́ mẹ́fà bẹ́ sílẹ̀. Ísírẹ́lì gba aṣálẹ̀ Sínáì àti Gásà tó wà lọ́wọ́ Íjíbítì, ó gba ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì àti ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ Jọ́dánì, ó gba òkè Gólánì lọ́wọ́ Síríà. Ipa omi Suez tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà kọjá tì pa, kò sì ṣí títí di ọdún 1975. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1967, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu kan tí wọ́n ń pè ní 242: kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ tó fi ogun gbà, kí gbogbo orílẹ̀-èdè ibẹ̀ sì máa gbé ní àlàáfíà nínú ààlà tí ayé mọ̀.

Àwa tí a ń gbé láàárín èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Nínú ìwé ti Faransé, ó dà bí ẹni pé "àwọn ilẹ̀ náà" ni wọ́n ní kí Ísírẹ́lì kúrò, èyíinì ni gbogbo wọn. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kékeré kan kò sí níbẹ̀, nítorí náà a lè kà á sí gbogbo ilẹ̀, a sì lè kà á sí apá kan. Àwọn Lárúbáwá di ti àkọ́kọ́ mú, Ísírẹ́lì di ti èkejì mú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ kékeré yìí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1971, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ ní Addis Ababa. Íjíbítì jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ilẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àjèjì. Wọ́n yan olórí mẹ́wàá láti wá ọ̀nà àlàáfíà. Àwọn mẹ́wàá náà sì yan mẹ́rin pé kí wọ́n lọ. Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n yàn. Senghor ti Sẹ̀nẹ̀gà ni aṣáájú wọn: Kátólíìkì ni, tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ jù. Ahidjo ti Kamẹrúùnù jẹ́ Mùsùlùmí. Ọ̀gágun Gowon ti Nàìjíríà, ọmọ ajíhìnrere, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ogun abẹ́lé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ó mọ bí ogun ti ń rí. Ẹ̀kẹrin ni Mobutu ti Zaire, tó ti kọ́ṣẹ́ ọmọ-ogun lọ́dọ̀ àwọn ará Ísírẹ́lì rí. (Ohun tí Mobutu ṣe nílé tirẹ̀, a kò ní sọ ọ́ lónìí.)

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dọ̀ ìyá àgbà Golda Meir, wọ́n sì lọ sí Kairo lọ́dọ̀ Ààrẹ Sadat. Bí àwọn àgbà wa ti ń ṣe nígbà tí ìdílé méjì bá ń jà lórí ààlà oko ni wọ́n ṣe. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n gbọ́ tọ̀tún, wọ́n gbọ́ tòsì, wọn kò sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àbá kalẹ̀. Kí àwọn méjèèjì padà sí ọ̀rọ̀ sísọ lábẹ́ Gunnar Jarring, ará Sweden tí Àjọ Àgbáyé ti fi ṣe onílàjà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí bí ipa omi Suez yóò ṣe ṣí. Kí ààlà tó dájú wà nínú ìwé àdéhùn àlàáfíà fúnra rẹ̀. Kí a ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ọmọ-ogun wọn kò ní wọ̀, kí Àjọ Àgbáyé fi àwọn tirẹ̀ ṣọ́ àwọn ibi tó ṣòro.

Àwọn méjèèjì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀hún ni kò rí bákan náà. Íjíbítì ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí Ísírẹ́lì kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí Jarring ti bi í láti oṣù kejì: ṣé yóò padà sí ààlà àtijọ́? Ísírẹ́lì ní òun gbà láti jókòó, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ti ọrùn òun bọ ìlérí kí a tó jókòó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá, ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Àgbáyé dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà Áfíríkà, ó sì rọ Ísírẹ́lì pé kó dá Jarring lóhùn dáadáa. Ísírẹ́lì kò gbà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn mẹ́rin náà parí sí.

Ogun mìíràn dé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1973. Nínú oṣù kan náà, Zaire, Kamẹrúùnù, Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Ìjọba tiwa pẹ̀lú, tí a ṣì ń pè ní Dahomey, ṣe bẹ́ẹ̀. A mọ ìdí rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni Íjíbítì, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kí a fi ogun gba ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, onílàjà tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Zaire kò padà títí di ọdún 1982, Kamẹrúùnù 1986, Nàìjíríà àti Benin 1992, Sẹ̀nẹ̀gà 1994. Àwọn ẹlòmíràn ló ti wá ń ṣe ìlàjà ní gbogbo àkókò náà.

Ẹni tó ṣe é ni Ààrẹ Carter ti Amẹ́ríkà. Sadat fúnra rẹ̀ ti fò lọ sí Jerúsálẹ́mù ní oṣù kọkànlá ọdún 1977. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, Carter kó òun àti Begin ti Ísírẹ́lì lọ sí Camp David fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Wọn kò lè jókòó pọ̀ láìbínú, Carter ló ń gbé ìwé láti yàrá dé yàrá. Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ fẹ́ fọ́, tí Begin ti ń múra láti lọ sílé, Carter mú àwòrán wọn wá fún un, ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ Begin sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Carter sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé bí bàbá àgbà yìí ti ń ka orúkọ wọn, ohùn rẹ̀ yí padà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1979, Íjíbítì sì gba Sínáì padà. A kò ní gbàgbé pé Carter ní owó àti ohun ìjà tó lè fi fún àwọn méjèèjì. Ọ̀wọ̀ nìkan ni Senghor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú dání.

Ohun kan ṣì wà. Ní ọdún 1971, Kairo àti Jerúsálẹ́mù ni wọ́n bi ní ìbéèrè. Ní Camp David pẹ̀lú, kò sí ọmọ Palẹstínì kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ láìpe ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀. Ọdún 1993 ni Rabin àti Arafat tó bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ ìlú Rabin ló yìnbọn pa á ní 1995, bí àwọn ọmọ-ogun Íjíbítì ti pa Sadat ní 1981. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023 sì ni ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Ísírẹ́lì, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gásà lẹ́yìn náà.

Ní Gásà yẹn, ìjọ Kátólíìkì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹbí Mímọ́. Lárúbáwá ni àwọn ọmọ ìjọ náà, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń ka Baba Wa. Pópù Francis ń pè wọ́n lórí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo alẹ́, títí ó fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún náà, ìbọn ńlá ba ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Bí ẹnì kan nínú ilé wa bá ní Lárúbáwá ni gbogbo wọn, kí wọ́n máa jà lọ, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ nípa ìjọ yìí.