Ohùn Tó Há Ju Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lọ Kúrò Ní Ọ̀rọ̀ Súwíìtì



Ní Ìwó wa yìí, bí ohùn ládàánì tàbí ti ààfáà oníwàásí bá há fún oṣù kan, ohun mẹ́ta la sábà máa ń gbọ́: pé wàásí ló pọ̀ jù, pé kó máa lá súwíìtì, tàbí pé àwọn ọ̀tá ti gba ohùn rẹ̀. Lójú tiwa tí à ń ta oògùn, tí a sì ń sin mọ́sáláṣí, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pa èèyàn. Ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà ló yẹ kó wo inú ọ̀fun náà, pàápàá bí ẹni náà bá ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí.

Ìdí tí a fi ń kánjú nìyí. Nígbà tí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò tíì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, kì í sì í sábà tóbi ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ní 1971, Judah Folkman, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé kókó jẹjẹrẹ a máa ránṣẹ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí pé kó ya ẹ̀ka wá sọ́dọ̀ òun. Bí ẹ̀ka náà bá dé, kókó a rí oúnjẹ jẹ, a sì rí ọ̀nà gbà lọ síbòmíràn nínú ara.

Ọlọ́hun fi àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ a máa de àwọn kan lọ́wọ́, a sì sọ àwọn mìíràn di ọ̀rẹ́ tó ń bá a la ọ̀nà iṣan tuntun. James Allison àti Tasuku Honjo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 nítorí wọ́n rí bí a ṣe lè tú àwọn ọmọ ogun náà sílẹ̀. Oògùn tó ti ibẹ̀ jáde wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èyí tí a bá tètè rí, iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán sábà máa ń kápá rẹ̀, ohùn náà sì lè má lọ.

Nítorí náà, àwa olóògùn kò gbọdọ̀ ta oògùn ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kò là. Ká darí rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, ní Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tàbí tó ní kókó lọ́rùn tí kò lọ. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, ẹ jẹ́ kí àpò sàráà san owó ọkọ̀ àti àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún aláìní.

Sìgá àti ọtí ló wà níwájú nínú ohun tó ń fa àrùn yìí. A kì í gbé ọtí kalẹ̀ níbi nìkáà. Kí ló dé tí a fi ń wo sìgá níran níbẹ̀? Àmánà ni ara wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, àmín.