Ibà lọ, ewu ò tíì lọ: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní asima n'Ísàlẹ̀ Èkó, ẹ fura!

Ẹ jẹ́ ká fi màmá kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà ṣàpẹẹrẹ. Ó ti pẹ́ tí asima ti ń bá màmá fínra. Ọ̀fìnkìn ńlá wá kì í mọ́lẹ̀, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ara fúyẹ́, màmá wẹ̀, ó wọ bùbá, ó ní ọjà yá. Ọmọ ẹ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà." Màmá ní, "Ibà ti lọ, kí ni mo tún ń wá lọ́sibítù? Ṣé dókítà ló máa bá mi san owó ṣọ́ọ̀bù ni?"

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ní asima, ẹni tí sìgá tàbí èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́, àtẹni tí ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti fi àpá sí tiẹ̀ lára, ọjọ́ tí ibà lọ kọ́ ni wàhálà wọn parí.

Ìdí ni pé fáírọ́ọ̀sì tó wọ ẹ̀dọ̀fóró á mú kó wú, ara á sì gbógun tì í. Ogun yìí kì í mọ sí àyà nìkan. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan, ọkàn náà á sì máa ṣe làálàá torí pé atẹ́gùn tó ń wọlé ò tó. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn òjijì ti ń wọlé. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Kánádà jábọ̀ pé láàárín ọjọ́ 7 tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọ̀fìnkìn ńlá mú èèyàn, ewu àìsàn ọkàn òjijì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6.

Kòrónà náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Èkó ni wọ́n ti rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà, ní February 27, 2020, ọsibítù àjàkálẹ̀ àrùn ní Yaba ni wọ́n sì ti tọ́jú ẹ̀. Nígbà tó di October 2021, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣàlàyé pé àwọn kan wà tí àárẹ̀ àti èémí kúkúrú ò fi wọ́n sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó mú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì l'Ékòó. Ní September 1918, ọkọ̀ ojú omi Bida gbé àwọn tí ọ̀fìnkìn ńlá ń ṣe wọ èbúté wa, ó sì pa èèyàn rẹpẹtẹ. Òkú ni wọ́n ń kà nígbà náà. Ẹni tó yè, àmọ́ tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìsinmi, ta ló kà á?

Ẹ̀yin tó ń gbé láàárín èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ẹja yíyan, ẹ má ju ínhélà nù torí pé èémí ti já geere. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn ibà, kẹ́ ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn àti ti òtútù àyà. Bí àyà bá ń fún yín, tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, tàbí tẹ́ ẹ ò lè sọ̀rọ̀ tán kí èémí tó já, ẹ má dúró se àgbo. Ẹ sáré lọ sí Jẹ́nẹ́rà tàbí ọsibítù tó bá wà nítòsí, lọ́jọ́ náà gan-an.

Màmá Ìdúmọ̀tà, ẹ gbọ́ tọmọ yín. Ṣọ́ọ̀bù ò ní sá lọ. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń ka èrè ọjà.