Ẹ̀rọ Kò Mọ Oríkì Ewé

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ewé àti egbò mu lóde òní.

Orín ata tí àwọn baba ńlá fi ń fọ eyín jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs ti Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ìwé jáde pé, nínú ìgò àyẹ̀wò, omi egbò igi yìí lè dá ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sípò. Ìyẹn kò tíì sọ ọ́ di ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn. Nínú àwọn èròjà tí ìwádìí rí nínú egbò náà ni vanillic acid.

Iṣẹ́ sipẹkitirómítà nìyí. Ẹ̀rọ yìí a máa fọ́ èròjà sí wẹ́wẹ́, a sì wọn ìwúwo wọn. Bí odindi bá wọn 168, tí àwọn wẹ́wẹ́ rẹ̀ sì bá ti vanillic acid mu, onímọ̀ á dá a mọ̀ bí ará àtijọ́ ti ń fi àbàjà dá ọmọ Ọ̀yọ́ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ àsìkò tí à ń wa egbò, kò sì mọ ohun tí à ń pò ó mọ́. Ẹnu àgbà ni ìyẹn wà. Bí àgbà bá sì dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù olè, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Síbẹ̀, ọ̀nà wà. Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale fi oògùn ìbílẹ̀ rẹ̀, tí iyèré àti osùn wà nínú rẹ̀, lé ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn. NAFDAC fọwọ́ sí i ní 2006.

Yunifásítì ti wà ní Òjó láti 1983. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin náà di yunifásítì ní 2022. Àwọn àgbà Àwórì kò jìnnà sí wọn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tọwọ́ bọ àdéhùn kí ó tó já ewé, kí ó kọ orúkọ ewé ní Yorùbá, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó fi hàn án. Kí àgbà náà má sì ṣe gbé ìmọ̀ wọ sàréè: ohun tí kò bá dé iwájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò lè wọ̀n ọ́n.