Wọ́n ní Dàhòmì ló tà wá. Mo wá lọ Ouidah.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Kútọnu ni mo ti ń kàwé. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Láti January 2024 tí ìjọba Nàìjíríà ti ní àwọn dá ìtẹ́wọ́gbà ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró ná, gbogbo wa la ti di yẹ̀yẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ.

Mo ti lo ọdún méjì níbí kí ẹsẹ̀ mi tó tẹ Ouidah. Bíi ogójì kìlómítà péré ni o! Ọ̀pọ̀ wa, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ la mọ̀, ọjà Dantokpa la mọ̀, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Fọ̀n, ọmọ Abomey, ló ní ìtìjú ni kí n kàwé tán kí n má débẹ̀. Ni èmi, òun, àti ọmọ Nàìjíríà méjì bá wọ tasí láàárọ̀ Sátidé kan, a fún ara wa pọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹja inú agolo.

Mi ò ní fi Ilé Erè fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá, títì ló là wọ́n láàárín. Wọ́n gbé erè kọ́ mi lọ́rùn, mo pariwo, wọ́n ká a sórí fídíò. Ẹ ò ní rí fídíò yẹn láé.

Ọmọ Kétu ni ẹ̀gbọ́n tó ń mú wa káàkiri, torí náà Yorùbá la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó mú wa dé iwájú odi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1721. Ẹ gbọ́ eléyìí: nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira ní 1960, Potogí ṣì ní tàwọn ni odi yẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1961, wọ́n dáná sun ún kí wọ́n tó jáde. Èèyàn á máa bínú débi tó ń sun ilé onílé!

Ibi tí inú ti bí èmi náà ni ojúde Chacha. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta èèyàn. Chacha yìí ni Francisco Félix de Souza, ará Bahia ní Brazil. Òun ló ran Ghezo lọ́wọ́ láti gorí ìtẹ́ Dàhòmì ní 1818, Ghezo sì fi í joyè. Ó ta èèyàn títí ó fi kú ní 1849, oyè náà ṣì wà nínú ẹbí rẹ̀ títí dòní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń ta èèyàn lẹ fi orúkọ ẹ̀ pe ojúde?" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbúrò, ọba ń tà, òyìnbó ń rà. Èwo ni ká wá fi pamọ́ níbẹ̀?" Ẹ rántí pé Dàhòmì ló run Kétu ní 1886, ìlú wọn gan-an. Síbẹ̀ wọn ò fi ẹnu gún ẹnikẹ́ni.

Láti ibẹ̀ la ti fẹsẹ̀ rìn dé etíkun. Ó tó kìlómítà mẹ́rin, iyanrìn ni, oòrùn sì mú bí iná. Wọ́n fi ibi tí Igi Ìgbàgbé wà hàn wá: wọ́n ní ọkùnrin á yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mi ò mọ̀ bóyá igi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo gbé omi tútù lọ́wọ́, mo sì ń ráhùn. Àwọn tó rin ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé àwọn tí wọ́n kó gba Ouidah lọ ju mílíọ̀nù kan lọ.

A dé Ẹnu-ọ̀nà Àìpadà-wá-mọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì yẹn gbé fóònù síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ká má parọ́, èmi náà jó. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Kossola.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: ọmọ Yorùbá ni. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú ẹ̀, wọ́n tà á ní Ouidah ní 1860, ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti àwọn bí ọgọ́rùn-ún kan lọ sí Mobile ní Alabama. Amẹ́ríkà sì ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808 o! Ó dàgbà, ó darúgbó, ó sọ ìtàn ara ẹ̀ fún Zora Neale Hurston, ìwé náà ò jáde àfi ní 2018. Ilé ló wù ú títí, kò padà wá. 1935 ló kú. Ìyá àgbà tó bí bàbá mi ti dáyé nígbà yẹn.

Bí inú ṣe tún ru mí nìyẹn. Ẹ̀gbá ni mí, ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n fi ìtàn Dàhòmì tọ́ wa dàgbà: wọ́n wá ní 1851, a lé wọn; wọ́n wá ní 1864, a tún lé wọn. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ tà wá." Mo fi ṣeré, àmọ́ kì í ṣe eré délẹ̀.

Kò bínú. Ó ní, "Dàhòmì ò ṣẹ́gun Èkó rí. Àwọn tí wọ́n kó gba Èkó lọ, ta ló tà wọ́n?"

Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Gbogbo wa la ṣáà kọ́ nípa Àjàyí Crowther nílé ìwé. Ìlú ẹ̀, Òṣogùn, tú ní 1821, àwọn Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tó kó o. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Dàhòmì wo ló wà níbẹ̀? Ogun tó fọ́ Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́, àwa-ara-wa ni. Ọ̀yọ́ tí Dàhòmì ń sin ní ìṣákọ́lẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, òun náà ta èèyàn gba Ajàṣẹ́ lọ. Inú wa máa ń dùn pé wọ́n ń fi èdè wa kọrin fún òrìṣà ní Bahia àti Cuba. Ṣé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé èdè ọ̀hún débẹ̀ ni?

Èyí tó dùn mí jù wá ni Tinúbú. Ẹfúnróyè Tinúbú ta ẹrú, kò fara sin. Obìnrin yìí kan náà ló kó ohun ìjà fún Abẹ́òkúta láti kojú Dàhòmì, wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde ní 1864. Èmi tí mò ń bínú sí ojúde Chacha, mo ti gba Tinúbú Square kọjá l'Ékòó àìmọye ìgbà, mo ti ya fọ́tò nídìí ère wọn ní Ìta Ìyálóde. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan.

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa ní "Àgbádárìgì ńkọ́?" Òótọ́ ni, ibẹ̀ ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ti débẹ̀ nínú yín, ẹ̀wọ̀n òyìnbó ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín, mélòó nínú wọn ló rántí pé Seriki Abass tó ni ilé ẹrú yẹn, Yorùbá tí wọ́n tà lọ́mọdé lòun náà, tó padà wá di ẹni tó ń ta èèyàn?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wó ère o, ẹ má gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà Ẹ̀gbá. Wọ́n gbèjà ìlú, ẹ jẹ́ kí ère wọn dúró. Ẹ ṣáà kọ ìyókù sí ìdí ẹ̀, ní Yorùbá tí ọmọ kékeré lè kà. Kí olùkọ́ sọ ọ́ ní kíláàsì. Kí ọmọ Abẹ́òkúta má tún dé iwájú ọmọ Abomey kó máa fọ́nnu bíi tèmi.

Mo pa fídíò ijó yẹn rẹ́ nínú tasí. Àwọn méjì yòókù ò pa tiwọn, ó wà lórí TikTok, ẹ̀yìn mi nìkan lẹ máa rí. Ọ̀rẹ́ mi sùn sí mi léjìká títí a fi dé Kútọnu.

Ó ní òun máa bá mi wá sí Abẹ́òkúta nígbà ọlidé, òkè Olúmọ lòun fẹ́ gùn. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n Ìta Ìyálóde la máa kọ́kọ́ yà. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún un tá a bá dúró síwájú ère yẹn.